Kànga Méjì Tó Ń Jẹ́ T-14

Oṣù kìíní ọdún ni Olivier dé sí ọ́fíìsì wa. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló wọ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnu bàtà náà mú ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ọmọ Lomé bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mẹ́fà ní ilẹ̀ Faransé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí a bá ń jẹun, á ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń jẹun ní Lyon. Bí òjò bá rọ̀, á ní òjò Lyon kì í pariwo tó báyìí. Ẹni tó ń fi òjò ìlú onílùú yangàn, kí ló kù tó ní?

Èmi ni Rùkáyátù. Bàbá bàbá mi ló kúrò ní Ṣakí wá ta aṣọ ní ọjà Lomé. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibí náà ni wọ́n bí èmi sí. Mo kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì ìlú yìí, mo sì ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kékeré kan ní Kodjoviakopé, lẹ́bàá ibodè Aflao, tó ń yẹ omi kànga wò. Ní àwọn àdúgbò bíi Agoè-Nyivé àti Totsi, omi ẹ̀rọ kò dé gbogbo ilé. Omi kànga ni ọ̀pọ̀ ń pọn. Fòfó Lucien, ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Togo láti apá Atakpamé, ló ń gun alùpùpù kiri láti bu omi wọn sínú ìgò. Fòfó ni àwọn Mina ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, gbogbo wa la sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ilé àyẹ̀wò á ka iye kòkòrò tó wà nínú omi náà, èmi á to èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni a ó kun ẹnu kànga ní ọ̀dà: àwọ̀ ewé fún èyí tó ṣeé mu, pupa fún èyí tí kò ṣeé mu.

Nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka wa fẹ̀yìn tì, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé èmi ló kàn. Madame Véronique, olùdarí ẹgbẹ́, gbé ipò náà fún Olivier. Ó ní àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè òkun fẹ́ràn ìwé ẹ̀rí tó ti òkè òkun wá. Mo ní, "Ó dáa, Madame." Ohun tí mo sọ nínú ara mi, ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Olivier wá dúró lẹ́yìn àga mi, ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wo ìńdẹ́ẹ̀sì ni, ọ̀gá."

Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń to tábìlì sínú kọ̀ǹpútà, pandas lorúkọ rẹ̀. Nínú tábìlì tiwa, ìlà kan, kànga kan. Lápá òsì pátápátá, ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́. Àkójọ orúkọ wọ̀nyẹn ni ìńdẹ́ẹ̀sì. Bí a bá fẹ́ so tábìlì méjì pọ̀, ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Orúkọ á wá orúkọ, ohun tó wà níwájú rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń pe ìńdẹ́ẹ̀sì nìkan jáde kí n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Mélòó ni yín? Ṣé nọ́ńbà ni yín àbí ọ̀rọ̀? Ṣé kò sí ìlà tí kò lórúkọ láàrin yín? Ṣé kò sí ìlà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan? Nínú àgbàlá wa ní Agoè, Àlíyù mẹ́rin ló wà. Bí ìyá mi bá ké "Àlíyù!", tó wá gbé àwo oúnjẹ gbogbo wọn fún ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn, ebi á pa mẹ́ta.

Mo ṣàlàyé èyí fún Olivier. Ó rẹ́rìn-ín tí kọfí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sí mi lórí.

"Iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀rọ ló ń bójú tó o fúnra rẹ̀. Ta ló tún ń yẹ ìńdẹ́ẹ̀sì wò láyé ìsinsìnyí? Rouka, ó yẹ ká fi ọ́ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé."

Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Rouka. Ìyá tó bí mi ò pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, Rouka ni mo di ní ọ́fíìsì, títí dé ẹnu obìnrin tó ń gbálẹ̀.

Ní oṣù kẹta, èsì tuntun dé. Fòfó Lucien ti bu omi ogún kànga ní Tokoin, wọ́n sì fẹ́ fi èsì wọn kún ti àwọn àdúgbò tí a ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò tíì kun kànga wọn. Olivier ní òun fúnra òun lòun máa ṣe é, pé wákàtí kan ni. Yàrá kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò, nítorí náà a gbọ́ bó ṣe ń pòṣé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo na ọrùn wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kún fún ọ̀rọ̀ pupa. Kọ̀ǹpútà ń sọ fún un pé orúkọ kan náà wà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìńdẹ́ẹ̀sì, òun kò lè mọ èyí tí òun máa mú.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún á béèrè pé, "Orúkọ wo?" Olivier kò béèrè. Ó lọ wá ìlà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dà á kọ, ó tẹ bọ́tìnnì, gbogbo pupa náà sì lọ. Ó na ara, ó ní, "Voilà." Ohun tí ìlà náà sọ ni pé: bí o bá rí méjì tó jọra, mú èkíní, da èkejì nù. Bí ajá bá ń gbó olè, tí onílé wá fi okùn di ajá lẹ́nu, tó padà lọ sùn, iṣẹ́ ọwọ́ Olivier nìyẹn.

Mo ṣí ẹ̀dà tèmi. Mo kọ ìbéèrè kékeré kan sí ìńdẹ́ẹ̀sì náà, is_unique, èyí tó túmọ̀ sí pé: ṣé orúkọ kọ̀ọ̀kan dá wà? Ó dá mi lóhùn: False, ìyẹn ni pé rárá. Mo ní kó to àwọn tó jọra síta fún mi. Orúkọ mẹ́rìnlá jáde, láti T-1 títí dé T-14.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Fòfó Lucien ti ń fọ ìgò.

"Fòfó, ibo ni T-14 wà?"

"Totsi. Kànga ilé Màmá Àìná aránṣọ." Ó gbé ìgò kan sílẹ̀. "Ó tún wà ní Tokoin, ilé kan tó ní géètì dúdú. Olivier ló ní kí n tún kà á láti oókan fún Tokoin. Mo ní, 'Ọ̀gá, T ni Totsi náà fi bẹ̀rẹ̀.' Ó ní kí n máa bu omi mi, kí n fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé." Ó gbọn omi kúrò nínú ìgò kan. "Ṣé wàhálà wà níbẹ̀ ni?"

"Kò sí," mo ní. "Mò ń béèrè lásán ni."

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Nínú fáìlì, èsì Tokoin tó jẹ́ tuntun ló wà lókè, ti Totsi wà nísàlẹ̀. Mú èkíní, da èkejì nù: gbogbo èsì Totsi ti dànù nìyẹn, èsì Tokoin ló sì wà lórí kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti Totsi tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ, bí ẹ̀wù ẹlòmíràn. Ilé kan tó ní géètì dúdú ní Tokoin, omi rẹ̀ kò ní kòkòrò kankan. Kànga Màmá Àìná, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n kà níbẹ̀, irú kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ ènìyàn wá. Mo fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rìnlá ti Totsi, mẹ́rin ni kò ṣeé mu, tí tábìlì Olivier sì ní kí gbogbo ayé máa mu wọ́n.

Mo dìde. Kí Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo dìde. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú yàrá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wo ìńdẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó so wọ́n pọ̀?"

Kò tiẹ̀ yí ojú sí mi. "Ẹ tún gbọ́ o. Rouka àti ìńdẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Tí o bá ti kàwé débi tí mo kà á dé, wá bá mi, ká sọ̀rọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ṣe ẹ̀dà ìwé yìí fún mi ní méjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé náà. Mo lọ ṣe ẹ̀dà méjì. Ibi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, ni mo ti pinnu. Mo ní, ó dáa. Jẹ́ kó gun igi náà dé òkè pátápátá kó tó já bọ́. Àwọn àlejò láti òkè òkun ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, Olivier ló sì máa dúró síwájú wọn. Èmi á gbọ́wọ́ sókè níwájú gbogbo wọn, màá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mo ṣe ojú ìwé kan sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Mo to orúkọ mẹ́rìnlá síbẹ̀, èsì Totsi lápá kan, èsì Tokoin lápá kejì, mo fi àwọ̀ pupa sí mẹ́rin tó burú. Mo fi ọjọ́ sí i lókè, bí wọ́n ṣe kọ́ wa: ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mo máa ń ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wo fọ́tò ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń kun ẹnu kànga gbé ọ̀dà lọ sí Totsi. Mo mọ̀. Mo rí korobá àwọ̀ ewé tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn alùpùpù. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi omi kànga náà wẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé ọ̀dà kì í pa ènìyàn.

Màmá Àìná kì í ṣe àjèjì sí mi. Fòfó Lucien ló mú mi mọ̀ ọ́n, nítorí ará ìlú kan náà ni wọ́n. Opó ni, ó ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ayálégbé mẹ́rin sì wà nínú àgbàlá rẹ̀. Mo ti gbé aṣọ kan fún un kí ó rán. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí ojú máa ti Olivier ni. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn àlejò, mo ní kí zémì, ọ̀kadà tó gbé mi láti ibi iṣẹ́, yà sí Totsi kí n lọ gbà á.

Kí n tó bọ́ sílẹ̀ ni mo ti rí i. Àwọ̀ ewé, yíká ẹnu kànga, ó ń dán nínú oòrùn.

"Ọmọ mi, o ti rí i!" Màmá Àìná ń bọ̀ wá pàdé mi, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Kànga wa ti yege! Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ra omi inú ọ̀rá fún mímu, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá yìí mu ti kànga. Ó ti parí. Láti ọjọ́ Àìkú la ti ń mu ún. Gisèle, ayálégbé mi, ní ó dùn ju ti ọ̀rá lọ."

"Ẹ kú oríire, Màmá," mo ní. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ó wọlé, ó gbé aṣọ mi jáde, ó tún gbé ife omi kan jáde. Ife dígí ni, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé fún àlejò pàtàkì. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara.

"Mu, ọmọ mi. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mu ún nínú àwọn àlejò."

Mo wo omi náà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo wo ojú rẹ̀.

"Mò ń gbààwẹ̀ lónìí, Màmá."

"Àh, mo gbàgbé pé Ọjọ́bọ̀ ni, tí ẹ̀yin Mùsùlùmí máa ń gbààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á." Ó gbé ife náà sẹ́nu, ó mu ún tán níwájú mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Wàá mu tìrẹ nígbà míràn."

Mi ò gbààwẹ̀. Mo ti jẹ ìrẹsì ní ọ̀sán yẹn. Mo gba aṣọ, mo dúpẹ́, mo gun zémì, mo sì ń bú Olivier láti ibẹ̀ dé Agoè: òmùgọ̀, agbéraga, ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ahọ́n mi ló purọ́, Olivier ni ahọ́n náà ń bú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì nígbà tí Fòfó Lucien pè mí.

"Ènìyàn méje nínú àgbàlá Màmá Àìná ló ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Gisèle àti ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n ti gbé Màmá fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kò lè dìde. Rùkáyátù, ṣé ó dá ọ lójú pé èsì kànga yẹn dáa?"

Mo pa fóònù.

Olivier wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń yan àwọ̀ tó máa fi sí àwòrán tí àwọn àlejò máa wò. Mo gbé ojú ìwé mi síwájú rẹ̀. Mi ò kí i. Mo ní, "Kà á." Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó kà á. Ó tún un kà. Mo rí i tí àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, tí ìka rẹ̀ ń lọ láti T-14 lápá kan sí T-14 lápá kejì, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà.

"Àwọn ènìyàn Totsi ti wà ní ilé ìwòsàn," mo ní.

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Rùkáyátù," ó ní, orúkọ mi ti padà wá sí i lẹ́nu nìyẹn, "àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́túnla. Jẹ́ kí wọ́n lọ tán. Lẹ́yìn náà a ó tún un ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo wò ó bí ẹni ń wo ìdin nínú ẹran. Mo la ẹnu láti sọ fún un irú ènìyàn tó jẹ́. Jẹ́ kí àwọn àlejò dé ná: ohun tí èmi náà ti ń sọ fún ara mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn Madame Véronique. Olivier tẹ̀ lé mi, ó ń fa àpò aṣọ mi bí ọmọ aláìgbọ́ràn.

Madame jẹ́ obìnrin tí kì í pariwo. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ojú ìwé náà, ó bi Olivier ní ìbéèrè méjì. Olivier ní Lucien ló kọ orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ó ní ní Lyon, ẹlòmíràn ló máa ń tún orúkọ ṣe kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ òun. Madame jẹ́ kó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Ìwọ lo rí èyí?"

"Èmi ni, Madame." Mo gbé àyà sókè díẹ̀. Ẹ má rò pé mi ò gbé e sókè. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibì kan ṣì wà nínú mi tó ń retí oríyìn.

Ìka rẹ̀ lọ sókè ìwé náà, ó dúró síbẹ̀. "Kí ni ọjọ́ tó wà níbí?"

Mo wo ibi tí ìka rẹ̀ wà.

"Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta. Òní ń kọ́?"

"Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, Madame. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ náà. Ó bú mi níwájú gbogbo ènìyàn."

"Ṣé èébú náà ló jẹ́ kí o gbàgbé ibi tí yàrá mi wà?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Mi ò tíì rí i kó wo ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́. "Olivier kò wò. Òmùgọ̀ ni ìyẹn, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi òmùgọ̀ ṣe. Ìwọ wò. O rí i. O tò ó dáadáa, o fi àwọ̀ sí i, o wá jókòó lé e lórí. Kí ni kí n pe ìyẹn? Bá mi wá orúkọ tó ń jẹ́."

Mo gbọ́ tí Olivier mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan burú ju òun lọ. Mo kórìíra rẹ̀ títí dé egungun.

Kó tó di ọ̀sán, a ti wà ní Totsi. Fòfó Lucien gbé ọ̀dà pupa, èmi gbé búrọ́ọ̀ṣì. A kun kànga mẹ́rin. Madame fúnra rẹ̀ ń wọ ilé dé ilé, ó ń sọ fún wọn ní èdè Ewe pé ẹgbẹ́ wa ló ṣe àṣìṣe, kí wọ́n má mu omi náà, kí àwọn tí inú ń run lọ sí ilé ìwòsàn. Olivier jókòó sínú ọkọ̀, ó ní oòrùn ń pa òun. Nígbà tí a dé ilé Màmá Àìná, Fòfó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

"Mo bi ọ́ bóyá wàhálà wà," ó ní. "O ní kò sí." Ó kun kànga náà títí ó fi tán, kò tún bá mi sọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá Àìná dùbúlẹ̀, omi ń kán wọ inú iṣan ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọlé, ètè rẹ̀ ti bó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láì dín kan kù: orúkọ méjì tó jọra, ọ̀gá mi tí kò wò, èmi tí mo wò.

Ó wò mí. "Ààwẹ̀ tí o ní ò ń gbà yẹn ń kọ́?"

"Mi ò gbààwẹ̀, Màmá."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo wà lórí eékún títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àkókò ti tó.

Kò sẹ́ni tó kú. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ọmọ Gisèle lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, Màmá lo mẹ́sàn-án. Nígbà tí àwọn àlejò dé, Madame kò jẹ́ kí Olivier sọ ohunkóhun. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ọ̀rọ̀ tèmi. Mo wà nínú yàrá náà. Aṣọ tuntun yẹn wà nínú àpótí nílé, mi ò sì tíì wọ̀ ọ́ títí di òní.

Olivier kúrò níparí oṣù. Kò tó oṣù méjì tí mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tó tóbi ju tiwa lọ ti gbà á, pé ìwé ẹ̀rí Lyon yẹn náà ni wọ́n tún wò. Irú ayé báyìí. Èmi, wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ní kí n lọ jókòó sílé fún oṣù kan. Nígbà tí mo padà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Odile ti wà ní ipò ọ̀gá ẹ̀ka. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n tẹ̀ lé Fòfó Lucien lọ sí gbogbo kànga wa, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí kò sí òmíràn tó ń jẹ́ ẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí Fòfó ń bá mi sọ kò ju "gbà" àti "mú u wá" lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ra ẹ̀pà, ó sì na díẹ̀ sí mi láì wo ojú mi.

Ní oṣù kẹfà, àwọn oníṣẹ́ fọ kànga Màmá Àìná, wọ́n fi òògùn sí i, wọ́n tún ẹnu rẹ̀ mọ. A bu omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èsì dé. Mo yẹ orúkọ wò, mo yẹ ọjọ́ wò, mo pe ilé àyẹ̀wò kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lára ìgò fún mi lórí fóònù. Òdo ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A gbé ọ̀dà àwọ̀ ewé lọ.

Màmá Àìná wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ náà dáadáa. Fòfó kí i ní èdè ìlú wọn, ó sọ ohun tí a bá wá fún un. Mo nawọ́ ìwé èsì sí i. Ó gbà á, ó wò ó, ó dá a padà fún Fòfó.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀dà yín padà. Mi ò fẹ́ àwọ̀ kankan lára kànga mi mọ́."

"Màmá, omi náà ti dáa," mo ní. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ àga, mo rí àpò omi inú ọ̀rá ńlá méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò," ó ní. Ó tún tẹ ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ sì ń lọ sókè sódò lórí aṣọ oníbàárà rẹ̀. Fòfó Lucien gbé ọ̀dà padà sẹ́yìn alùpùpù, a sì kọjá lọ sí ilé kejì.